Bíríkìlà Tó Ń Bu Iyọ̀ Sí Ìkọ́kọrẹ́

Ọkùnrin kan wà, bíríkìlà ni, ará Ìjẹ̀bú, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ ṣeré. Bí epo kò bá pọ́n lórí rẹ̀, bí pọ̀nmọ́ kò bá máa yọjú nínú rẹ̀ bí aládùúgbò tó ń yọjú lójú fèrèsé, á ní wọn kò tíì se oúnjẹ.

Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó mi orí, ó ní kí bàbá yìí jìnnà sí iyọ̀ àti ọ̀rá bí kò bá fẹ́ kí apá kan ara rẹ̀ rọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò jókòó sunkún. Ilé ìdáná ló wọ̀. Ewùrà kò wọ́n. Ó rín in, ó da epo ṣíbí kan péré sí i, ó fi ẹja wẹ́wẹ́ rọ́pò ẹran, ó wá fi irú, ata àti àlùbọ́sà dí àyè tí iyọ̀ fi sílẹ̀. Ara kò ní í ni wọ́n, owó kò sì ní í tán lọ́wọ́ wọn. Ọkọ tọ́ ọ wò, ó ní, "Ìyá Adéṣewà, èyí mà dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Ojú obìnrin náà tàn bí àtùpà.

Irọ́ ló pa. Lẹ́nu rẹ̀, amọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń fi orí ru símẹ́ńtì kò lágbára àti sọ òtítọ́ kan ṣoṣo fún ìyàwó ilé. Ó di iyọ̀ sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò. Bí ìyàwó bá ti yíjú láti bomi wá, á bù ú wọ́n. Á lá abọ́ mọ́ tónítóní. Obìnrin náà á máa wo abọ́, á máa rẹ́rìn-ín.

Ní ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde, ó jẹ́rìí pé oúnjẹ ìyàwó òun ti wo òun sàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn mìíràn sáré lọ bá ìyàwó wọn jà nílé.

Nọ́ọ̀sì tún wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti ga sí i. Ìyàwó rò pé oúnjẹ òun ṣì dùn jù. Ó yọ epo. Ẹ̀jẹ̀ kò wálẹ̀. Ó yọ ẹja. Bí ó ti ń yọ ọ́ ni ọkọ ń bu iyọ̀ kún un. Inú ìkòkò kan náà sì ni ìyàwó àti àwọn ọmọ ti ń jẹ, títí egungun ọrùn wọn fi yọ síta. Àwọn tí ara wọn le ń jẹ oúnjẹ aláìsàn, aláìsàn ń jẹ ti ọba. Ọkọ ń wò wọ́n. Ó fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rí tó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń to búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò dìde mọ́. Kí wọ́n tó gbé e délé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé. Ó ṣí ìkòkò, ó wo ọrùn àwọn ọmọ. Ó ní, "Ebi lo fi pa àbúrò mi. Ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá ń ṣe jù báyìí lọ."

Ìyàwó kò jà. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà á. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sè."

Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Itọ́ ló jáde, àti ariwo kan tí kò jọ ohùn ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Ṣé o gbọ́? Ó ń gbé ọ ṣépè."

Obìnrin náà wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì gbà pé èpè ni.

Ìwọ tí wọ́n ń bá wí, tí ò ń mi orí bí alángbá, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí o kò bá ní í gbà, sọ pé o kò gbà. Ẹni tó ń bá ọ wí á bínú, ìbínú náà á sì tán. Ìyà tìrẹ kò dùn mí, ẹnu rẹ lo fi jẹ ẹ́. Ẹni tó ń pa ara rẹ̀ lẹ́bi nítorí rẹ, tí kò mọ ohun tí ò ń ṣe bí ó bá ti kẹ̀yìn, òun ló ń ṣe mí láàánú. Lọ sọ ọ́ fún un lónìí, nígbà tí ẹnu rẹ ṣì gún.