Ààlè tí Ìjàpá So Mọ́ Omi Àkèré

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ló fi ìrù wọ ayé, tó fi ẹsẹ̀ jáde nínú omi?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Àlọ́ mi já bọ́ sínú adágún, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbẹ̀, ó bá Àkèré àti àwọn ọmọ tí kò jọ ọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ló rọ̀ tí Àkèré fi yé ẹyin rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú adágún kan. Nígbà tí ẹyin náà pa, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, àyà rẹ̀ já. Àwọn ọmọ náà kò lẹ́sẹ̀, wọn kò lápá. Orí àti ìrù ṣáá ni wọ́n, wọ́n dúdú bí kóró iṣin. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un kó tó kú pé, “Ọmọ wa kì í jọ wa lọ́jọ́ kan. Ìwọ ṣáà máa ṣọ́ wọn.” Ó sì ń ṣọ́ wọn. Ní àràárọ̀ ni ó ń kọrin sí wọn:

Ọmọ tí mo bí sómi,
— Díẹ̀díẹ̀ ni.
Ẹsẹ̀ á yọ, apá á yọ,
— Díẹ̀díẹ̀ ni.
Ìrù á lọ, ìyá ò níí lọ,
— Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ọjọ́ kan ni Ìjàpá ń kọjá. Ó yọjú sínú omi, itọ́ kún un lẹ́nu.

“Háà! Ẹja rèé!”

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá,” Àkèré ní, “ọmọ mi ni wọ́n.”

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. “Ọmọ ta? O lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, wọn ò ní ẹyọ kan. O ò nírù, ìrù ló pọ̀ jù lára wọn. Ẹnu rẹ ò dákẹ́, àwọn yadi. Ẹja lo rí tí o ń kọrin fún, ìwọ obìnrin yìí!”

Àkèré wo àwọn ọmọ náà. Ó wo ojú ọ̀run, ó rí àwọn lékeléke tí ń rà bàbà bọ̀ wá sí omi. Ó ronú.

“Tó bá jẹ́ ẹja ni, bàbá, wọ́n kéré láti jẹ báyìí.”

“Wọ́n kéré lóòótọ́. Màá so ààlè mọ́ omi yìí, kí olè má baà débẹ̀ títí wọn yóò fi sanra.”

“Ẹ má wulẹ̀ so ó lásán o. Ààlè tí a kò pe ọ̀rọ̀ sí, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́.”

Ìjàpá so ṣùkù àgbàdo àti akísà pupa mọ́ ọ̀pá, ó rì í sétí omi, ó sì kígbe pé, “Ẹni tó bá mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú omi yìí, kí ohùn rẹ̀ wọlé, kó má jáde mọ́!”

“Àṣẹ,” ni Àkèré wí.

Lékeléke dé, wọ́n rí ààlè, wọ́n padà. Ejò dé, òun náà padà. Ìjàpá fúnra rẹ̀ ń gbé èérí ọkà wá lójoojúmọ́, ó ń bọ́ ẹja rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó sáré délé.

“Yánníbo! Ẹja mi ti hu ẹsẹ̀!”

“Bàálé mi, ẹja wo ló ń hu ẹsẹ̀?”

“Èyí tó jẹun kánú ni. Ẹran itan ti dé nìyẹn!”

Lẹ́yìn náà ni apá yọ. Yánníbo ní, “Ọmọ Àkèré nìyẹn, kì í ṣe ẹja. Ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ mi.”

“Lọ gbé epo kaná,” ni Ìjàpá wí. Ó gbé agbọ̀n, ó lọ.

Nígbà tó débẹ̀, àwọn ọmọ Àkèré ti jókòó sórí òkúta, ara wọn ń dán, ojú wọn yọ roboto bíi ti ìyá wọn. Ó na ọwọ́, wọ́n fò. Ó yí padà, wọ́n fò. Kò sí ẹja kan nínú omi mọ́. Àbíkẹ́yìn wọn nìkan ló kù nínú omi, kùkùté ìrù ṣì wà nídìí rẹ̀. Ìjàpá gbá a mú.

“Èyí ṣì nírù! Ẹja ni!”

Àkèré fò dé iwájú rẹ̀. “Ìjàpá, ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ yín.”

Ìjàpá la ẹnu láti bú u. Ọmọ kékeré náà, tí kò fọhùn rí láyé, ló kọ́kọ́ ké:

“Ìyá mi o!”

Bí a ṣe mọ ẹni tó ni ín nìyẹn. Ìjàpá ní kí òun dáhùn, ohùn rẹ̀ ti wọlé. Ó la ẹnu, ó pa á dé, bí ẹni tó ń jẹ afẹ́fẹ́. Ó ju ọmọ náà sílẹ̀, ó fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ́ lọ sílé. Epo ti jóná lórí iná.

Láti ọjọ́ náà ni ìjàpá kò ti ní igbe tirẹ̀. Àwọn ọmọ àkèré, àwọn tí Ìjàpá pè ní odi, àwọn ló ń ké jù lẹ́yìn òjò. Olúkúlùkù ń pe ìyá rẹ̀, ìyá sì ń dá a lóhùn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì yọ, ẹ má sáré sọ ọ́ lórúkọ.

Ibi tí àlọ́ mi gbà wọ omi ló gbà jáde. Bí mo bá purọ́, kí àkèré má ké lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀.