Orúnkún Tó Ń Wọn Fìlà

Obìnrin kan wà tó ń fi òwú wúùlù hun fìlà ọmọ tuntun. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ni ó fi ń jẹun láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì pàtẹ ọjà Kérésìmesì sínú ọgbà, tábìlì ẹnu géètì ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń kọ́kọ́ yà.

Kò lo téèpù rí. Bí ó bá hun fìlà dé ibi tó yẹ, á ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, á fa fìlà náà bo orúnkún. Bí ó bá bò ó típẹ́típẹ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó jọ orí ọmọ oṣù mẹ́ta bí orúnkún àgbà.

Ó pẹ́, ó yá, ọjà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùtà. Àwọn ìyá á gbé fìlà lé ọmọ lórí, fìlà á sọ̀ kalẹ̀ bo ojú àti imú. Ọ̀kan tilẹ̀ dé e fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá ọmọ, ẹ kú oríire, ẹ ti rí fìlà Kérésì."

Inú bí obìnrin náà. "Ẹ̀yin ni ẹ kì í jẹun kánú nígbà oyún," ni ó dá wọn lóhùn. "Ọmọ ayé àtijọ́ a máa ní orí. Ti ìsinsìnyí ò ju ọsàn lọ."

Ọdún méjì ni ó fi kó gbogbo fìlà rẹ̀ padà sílé. Ní ọdún kẹta, alága ọjà wá bá a níbi tó jókòó sí.

"Màmá, ẹ má bínú o. Bí ti ọdún yìí bá tún rí bẹ́ẹ̀, a ó gbé tábìlì yìí fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kù."

Obìnrin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ra fìlà ọmọ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó, bó ti ń ṣe láti bí ọdún mélòó kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyálọ́mọ kan dé, ó gbé ọmọ dání. Fìlà orí ọmọ náà ti ṣá, ṣùgbọ́n ó bá a mu rẹ́gí.

"Ta ló hun èyí?"

"Ẹ̀yin mà ni, Màmá. Èmi ni ìyá mi rà á fún, ní ọyẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá láyé. Ìbejì ni mo bí báyìí, èkejì ò tíì ní tirẹ̀. Irú èyí gan-an ni mo fẹ́."

Obìnrin náà gba fìlà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́. Bó ti mọ́ ọn lára, ó fà á bo orúnkún. Fìlà náà dé agbede méjì, ó dúró. Ó tún fà á. Kò lọ.

"Màmá, ẹ ó ya á o!"

Nígbà náà ni ó wo orúnkún ara rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń fi òróró pa á nítorí pé ó wú, síbẹ̀ kò fi ìgbà kan rò ó mọ́ ọ̀rọ̀ fìlà.

Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀kan nínú àwọn fìlà tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti ṣóńṣó orí rẹ̀, níwájú gbogbo ọjà.

"Jókòó, ọmọ mi," ó ní. "Gbé ọmọ yẹn sún mọ́ mi. Orí rẹ̀ ni n ó fi wọ̀n ọ́n."

Kí ọjà tó tú, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ti tò síbẹ̀, wọ́n ń dúró de ìwọ̀n. Alága ọjà kọjá níwájú wọn, kò sì dárúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ó ti pẹ́ tí o ti ń wí pé ìyàwó ọmọ rẹ ò mọ ìwà hù, pé àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ ò tó ti ìgbà tiyín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó dá wọn lẹ́bi, wá fìlà àtijọ́ kan, kí o fà á bo orúnkún rẹ ná.