Sósíò Títì àti Sósíò Ọ́fíìsì

Ọkùnrin kan wà ní Mayámì, ọmọ ilẹ̀ Kúbà, tó dìde kúrò nínú ìpàdé báńkì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní kó dìde.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e sá wá sí Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló dàgbà sí. Àwọn ará Kúbà ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò fún un, ó sì ṣe aṣòfin fún ọdún méjìlá. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó di alágbàsọ: àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń gbà á kó lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ nítorí tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni báńkì kan fi í sínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orúkọ rẹ̀ ni ọjà tó ń tà. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, kò ní òmíràn.

Kò sí ẹni tí ọkùnrin yìí kì í pè ní sósíò. Láàárín àwọn ará Kúbà, ọ̀rọ̀ yìí ní ojú méjì. Ní títì, ọ̀rẹ́ ni. Ní ọ́fíìsì, ẹni tí ẹ jọ ní òwò ni. Nígbà tó ń wá ìbò, ojú kejì yìí kò dí i lọ́wọ́ rárá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kó tó lọ sí ìpàdé, ó dúró lẹ́nu fèrèsé kan tí wọ́n ti ń ta kọfí. Fundora, agbaṣẹ́ṣe kan tí ọkùnrin náà ti ṣe alágbàsọ fún rí, pariwo láti òdìkejì títì: “Sósíò mi! Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a fẹ́ rà dọwọ́ ẹ lónìí o!”

Ìyá àgbà tó ń ta kọfí gbójú sókè. “Sósíò títì ni, àbí ti ọ́fíìsì?”

Àwọn tó ń mu kọfí bú sẹ́rìn-ín.

“Ti títì ni, Màmá. Mi ò ní ìpín kankan nínú òwò ẹ̀.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi. Àwa mẹ́fà la gbọ́ ti Fundora. Èmi nìkan ni mo béèrè.”

Òfin báńkì ni pé ẹni tó bá ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó jíròrò rẹ̀. Òun kò ní ìpín. Síbẹ̀, bí wọ́n ti dárúkọ Fundora, tó fẹ́ kí báńkì yá òun lówó láti fi ra ilẹ̀ kan, ó dìde.

Alága ní, “Ẹ jókòó jàre. Kí ló kàn yín níbẹ̀?”

Ó ní, “Ó ń pè mí ní sósíò níta gbangba, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jáde.”

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kọ ọ́, ó kọ aago mọ́ ọn. Àwọn tó kù fọwọ́ sí ohun tí Fundora ń fẹ́. Fundora fúnra rẹ̀ bínú. “O ti di ará Amẹ́ríkà pátápátá,” ló sọ fún un, kò sì kí i mọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn aṣèwádìí ìjọba dé. Fundora ti pín nínú ilẹ̀ náà fún àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n rí lẹ́tà kan tó kọ: “Sósíò mi ní báńkì yóò bá wa ṣe é.” Ta ni gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ sósíò? Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń lọ sọ́dọ̀ wọn, tó ń bọ̀.

Akọ̀wé wá gbé ìwé ìpàdé jáde. Àwọn aṣèwádìí ka ìlà kan ṣoṣo yẹn, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó dé inú mọ́tò rẹ̀, ó jókòó, ó ń dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àbúrò mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ sínú ìgbìmọ̀ tó ń pín iṣẹ́ àgbàṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ wa. O ní ọwọ́ rẹ mọ́, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ́ nínú àpò, ta ló rí i? Bí fáìlì ọ̀rẹ́ rẹ bá dé orí tábìlì, dìde, sọ ìdí rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rín in.

Lóṣù tó kọjá, ilé ẹjọ́ rán Fundora àti méjì nínú ìgbìmọ̀ náà lọ sẹ́wọ̀n. Ọkùnrin náà ṣì wà ní báńkì.