Olè Tí Mo Dọdẹ Rẹ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Ekòló

"Ẹ bá mi mú olè náà."

"Olè wo?"

"Èyí tó ń jí ọ̀rá ilẹ̀ ọgbà mi. Ewé tẹ̀tẹ̀ ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà mú, ilá gbẹ lórí ìdúró. Mo bomi rin ín títí, ilẹ̀ gbé e mì, kò tilẹ̀ dúpẹ́."

"Àjíún, ọdẹ ẹfọ̀n ni mí, n kì í ṣe ọdẹ ẹ̀fọ́."

"Ó dáa. Bí ọwọ́ yín kò bá tẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ méje tó pé, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni n ó ti máa gbin ẹ̀fọ́. Ẹ ó máa jẹ ẹfọ̀n lásán."

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun àti ẹ̀yin tí ẹ ń retí tèmi, mo kí yín. Ọdẹ́níran ni mí, ọmọ Òkè-Àfọ̀n, ìlú tí wọ́n ti ń fi ilẹ̀ gbígbá mọ ọmọlúàbí. Èmi tí mo ti dojú kọ ẹkùn tí n kò sẹ́jú, àyà mi já lọ́jọ́ náà, nítorí ilé tí kò sí Àjíún ìyàwó mi, ìkòkò tí kò nídìí ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbá ẹ̀yìnkùlé bí ìṣe mi, mo kó gbogbo ewé jọ, mo dáná sun ún títí ilẹ̀ fi ń dán bí orí apárí, mo gbé ìbọn, ó di inú igbó, mo ń wá olè.

Mo rìn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í bomi rin, síbẹ̀ tí igi sanra bí ọmọ ọlọ́rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo ní ibí ni wọ́n kó ẹrù olè sí. Àfi bí ekòló kan tó gùn bí òjòlá ṣe yọrí lábẹ́ ewé, tó ń jẹun lọ́wọ́.

"Ọdẹ, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ rọra tẹ oúnjẹ wa."

"Ìwọ, níbo lẹ ti rí ọ̀rá tó pọ̀ tó báyìí?"

"Igi fi gbòǹgbò mu omi, ó fi ewé mí in jáde, ó di kùrukùru, ó di òjò, ó tún padà sí ìdí igi. Ewé wọ́, mo jẹ ẹ́. Mo yàgbẹ́, igi jẹ ẹ́, ó rú ewé mìíràn. Àwo kan náà ni gbogbo wa ń gbé yípo."

"Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Tilé mi kò júbà ni?"

"Àbúrò mi ni. Ó júbà, ilẹ̀ lanu, kò rí nǹkan fi sí i lẹ́nu. Ó ní ọkùnrin kan ń sun oúnjẹ òun ní àràárọ̀, oòrùn sì ń fa omi inú ilẹ̀ tí kò ní ewé bora. Àná ló sá dé. Ó ní ọkùnrin náà ní irùngbọ̀n, ó sì fẹ́ràn ìgbálẹ̀."

Mo fọwọ́ bo irùngbọ̀n mi.

"Bí ẹ bá rí olè náà, ṣé ẹ ó yìnbọn fún un?"

"Ẹ̀tù ìbọn mi ti tán."

Mo bẹ àbúrò rẹ̀ kó bá mi padà, ó gbà, mo gbé e sínú apó, mo ru ewé jíjẹrà délé. Àwọn aládùúgbò ní Ọdẹ́níran lọ pa ẹfọ̀n, ó ru ààtàn bọ̀. Àjíún ti di ẹrù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Olè náà dà?"

"Mo mú un. Òun ló ru ewé yìí."

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó lọ gbé ìgbálẹ̀ mi pamọ́. Títí di òní n kò tún fojú kan ìgbálẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilá tí ẹ jẹ tán yìí, láti ẹ̀yìnkùlé náà ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ń tọpasẹ̀ olè, kó kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ máa lọ, kí ọ̀nà rọ̀ yín lẹ́sẹ̀. Ìwọ tó ń jáde lọ yẹn, ewé kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ. Gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ kí o tó lọ. Ti Àjíún ni.