Ọ́ìlì Mọ́tò Bàbá Olóyè
Olóyè Fágbàmígbé gbé mọ́tò àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá bá Ráímì mẹkáníìkì: "Dá ọ́ìlì tó ń jò yìí dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ àlejò ò gbọdọ̀ kan ẹ́ńjìnnì bàbá mi. Bó bá tún jò, kó ẹrù ẹ kúrò lórí ilẹ̀ mi." Ráímì dọ̀bálẹ̀, ó tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò, ó na sípánà sí i: "Èmi ni àlejò, Olóyè. Ẹ̀yin kọ́." Olóyè bọ́ agbádá, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Ráímì ń júwe, Olóyè ń tú nọ́ọ̀tì, títí ó fi pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Ọ́ìlì ò kán mọ́. Olóyè jáde, ọ́ìlì lójú, ọ́ìlì nírùngbọ̀n. "O ṣeun, Ráímì. Látọjọ́ tí bàbá mi ti kú, òní lèmi pẹ̀lú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ mọ́tò yìí."