Alágbàfọ̀ Tó Dá Ké "Àwá Dé" Lábẹ́ Igi Ìyeyè

"Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé." Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ta ni kò tíì gbọ́ ọ? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà fún mi, ẹ ó kàn máa wo ara yín lójú ni. Ìlú míràn lè ní ìtàn tirẹ̀ o, n kò bá wọn jà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Òkè-Ìrorò ni mo fẹ́ sọ yìí, ó sì dùn mọ́ mi débi pé orin inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Ní Òkè-Ìrorò, bọ́ọ̀lù ni oúnjẹ ọkàn wọn. Bí àwọn ọmọ ìlú bá lọ gbá bọ́ọ̀lù níbòmíràn, àwọn alátìlẹ́yìn á kún inú ọkọ̀ akẹ́rù fọ́fọ́. Bí wọ́n bá borí, wọn kì í kàn já wọ ìlú. Wọ́n á dúró lábẹ́ igi ìyeyè tó wà lẹ́nu bodè, ohùn kan á ké pé, "Àwá dé o!" Bí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á gbé omi jáde, wọ́n á wọ́n ọn sílẹ̀ kí eruku má baà bo ẹsẹ̀ àwọn tó ṣẹ́gun. Orin á wá gba ìlú kan:

Àwá dé o!
— Àwá dé!
Eruku ọ̀nà ń bẹ lẹ́sẹ̀ wa o!
— Àwá dé!
Ẹ bu omi síwájú ilé o!
— Àwá dé!

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fìdí rẹmi, ọ̀nà ẹ̀yìn oko ni wọ́n ń gbà wọlé, láìfọhùn. Omi tí wọ́n bá sì ti gbé jáde láti fi pàdé ayọ̀, kò gbọdọ̀ padà sínú ìkòkò. Èèwọ̀ ni.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Ṣówándé alágbàfọ̀. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Òun àti Látúnjí, olórí àwọn alátìlẹ́yìn, ni wọ́n jọ ń jókòó sórí ọkọ̀ nígbà èwe wọn. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó wà ní Ìta-Òsùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré òyìnbó tí wọ́n ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù kékeré, Ṣówándé ni wọ́n ń kó aṣọ wọn fún. Aṣọ funfun láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ni, tí koríko á ti kun lórúnkún bí ẹni pé wọ́n fi jẹko. Ó ní kí òun lọ wo ohun tí àwọn àgbàlagbà ń ṣe tí aṣọ wọn fi ń rí báyẹn. Ó lọ, ó wò ó, kò sì bọ̀ sípò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀, Wúràọlá, nìkan ló ń gbọ́ àròyé kíríkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu rẹ̀. Eré náà kò yé e rárá. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó lórí àpótí rẹ̀ tó ń po sítáàṣì, á máa dáhùn pé, "Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ìyẹn ti tó Ṣówándé. Nígbà tí ọyẹ́ wọlé, Wúràọlá kú. Láti ìgbà náà, bí Ṣówándé bá ti pápá dé, aṣọ tó ń lọ̀ ló ń ròyìn fún. Aṣọ kì í sì í wí pé ẹ̀n-ẹ́n.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìdíje àṣekágbá méjì bọ́ sí Sátidé kan náà: ti bọ́ọ̀lù ní Odò-Ayò, ti kíríkẹ́ẹ̀tì ní Ìta-Òsùn. Látúnjí wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí okùn aṣọ.

"Ṣówándé, mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ nínú ọkọ̀."

"O ṣeun. N kò ní lè lọ. Àwa náà ní eré lọ́jọ́ yẹn."

"Àwa wo? Ìwọ àti ta?"

"Àwa oníkíríkẹ́ẹ̀tì."

Látúnjí rẹ́rìn-ín títí ó fi di okùn aṣọ mú. "Eré tí wọ́n ń dúró mu tíì láàárín rẹ̀! Kí ìyẹn tó parí, èèyàn á ti se ẹ̀wà, á jẹ ẹ́ tán, ebi á tún pa á."

"Ó sàn ju kí géńdé ọkùnrin pọ̀ báyẹn máa lé awọ kan ṣoṣo kiri bí ajá."

Èyí dun Látúnjí. "Ó dáa. Bí ẹ bá borí, kí ìwọ àti okùn aṣọ rẹ jọ yọ̀."

Báyìí ni Ṣówándé ṣe dá lọ sí Ìta-Òsùn. Eré náà le. Ó ku ẹni ìkẹyìn pátápátá tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, Tíṣà Ọláìtán, tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sáré bọ̀, ó jù ú. Ọláìtán yí pátákó ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lé ìyà jìnnà sí ilé, bọ́ọ̀lù sì fò kọjá igi kaṣú tó wà létí pápá. Wọ́n borí! Ṣówándé fò sókè, ó yíjú sí òsì láti dì mọ́ ẹnìkan. Kò sí ẹnìkan. Àwọn olùkọ́ ti gbé Ọláìtán sórí èjìká, wọ́n ń lọ sínú ilé ìjẹun, kò sì sí ẹni tó rántí pe alágbàfọ̀. Ó kó aṣọ ìdọ̀tí wọn, ó dì í, ó gbé e rù, ó gba ọ̀nà ilé.

Lójú ọ̀nà, ó dá orin náà. Ó dá a, ó dúró de ègbè, afẹ́fẹ́ nìkan ló fẹ́. Ó gbìyànjú kí òun fúnra rẹ̀ máa dá a kí òun sì máa gbè é, èémí kò bá a dé ibì kankan. Nígbà tó dé abẹ́ igi ìyeyè, ó fẹ́ rọra kọjá. Ṣùgbọ́n ayọ̀ tí a kò rí sọ, iṣu gbígbóná ni lẹ́nu. Kí ó tó mọ̀, ó ti ké e:

"Àwá dé o!"

Àwọn obìnrin sáré jáde pẹ̀lú omi. Wọ́n rí Ṣówándé àti ẹrù aṣọ.

"Àwọn tó kù dà? Àwọn ọmọ wa dà?"

"Wọn ò tíì dé, mà. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni. A borí ní Ìta-Òsùn."

"Yéè! Alágbàfọ̀ ti fi omi mi ṣòfò!" ni ọ̀kan wí, ẹ̀rín sì sọ. Ìyá Ọ̀ṣúnyẹmí, tó dàgbà jù nínú wọn, kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ igbá omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣówándé, ọmọ mi, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé."

Ṣówándé wolẹ̀. "Bí Wúràọlá bá wà, mà, à bá jẹ́ méjì."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ìró ọkọ̀ fi dún láti ọ̀nà ẹ̀yìn oko. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò sí orin nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ní láti sọ fún pé wọ́n ti fìdí rẹmi. Àwọn tó ní èèyàn kò ní ayọ̀, ẹni tó ní ayọ̀ kò ní èèyàn, omi sì wà nílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ padà sílé. Ṣówándé ju ẹrù sílẹ̀, ó sáré la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, ó lọ dúró síwájú ọkọ̀.

"Bó bá ṣe yẹ̀yẹ́ lo wá fi wá ṣe," Látúnjí wí láti òkè, "jọ̀ọ́, fi dọ̀la."

"Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ìṣẹ́gun kan, n kò ní ẹnu tí yóò gbé e. Ẹ̀yin lẹ ní ẹnu. Ẹ wá bá mi gbé e."

Látúnjí wò ó títí. "Ti kíríkẹ́ẹ̀tì?"

"Òun náà ni."

"Èyí tí wọ́n ń mu tíì nínú rẹ̀?"

"Wọ́n tilẹ̀ fi búrẹ́dì mu ún."

Ẹ̀rín bú jáde nínú ọkọ̀. Wọ́n yí orí ọkọ̀ padà sí abẹ́ igi ìyeyè. Ṣówándé dá orin, ègbè sì dáhùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi fò lórí igi. Wọ́n da omi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bèèrè bí wọ́n ṣe borí. Ṣówándé gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni tó máa bá a ṣí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò Tíṣà Ọláìtán lọ́wọ́ nígbà tí Látúnjí wọlé. Ó wò yíká, ó rí àpótí Wúràọlá, ó jókòó lé e.

"Báwo tilẹ̀ ni ẹ ṣe borí lánàá?"

Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Kò yé Látúnjí, ojú rẹ̀ fi hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣówándé dé ibi tí wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, Látúnjí na ọrùn síwájú.

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ṣówándé gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì hàn án bí Ọláìtán ṣe yí pátákó.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ọ̀ṣúnyẹmí ni ìlú gbé kiri di òní. Bí àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ dá ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, tàbí ẹni tó fẹ́ fi orí ara rẹ̀ nìkan jẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n á ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Wọ́n sì tún máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá wà níbi tí èèyàn ń yọ̀ tí òun dá jókòó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wí i fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Òkè-Ìrorò, wọ́n á fa àpótí, wọ́n á sì jókòó tì í.