Ipasẹ̀ Létí Adágún Edé

Àmì funfun bo edé inú adágún Ìyá Fẹ̀yíṣarà, wọ́n sì ń kú. Bàbá Jọmilójú, aládùúgbò rẹ̀, ṣe ọgbà yí adágún tirẹ̀ ká kí ọ̀tá má baà wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ keje, edé tirẹ̀ náà léfòó lókùú. Ipasẹ̀ tútù wà lójú ẹrẹ̀, nínú ọgbà tí a tì pa.

"Ìyá Fẹ̀yíṣarà, ìwọ lo wọ̀ ọ́!"

"Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ò tó ìdajì èyí. Ẹ gbé tiyín lé e, Bàbá."

Ó gbé e lé e. Ó ṣe wẹ́kú.

"Àràárọ̀ lẹ ń wọnú omi mi wá gbàdúrà fún mi. Ṣé ẹ máa ń fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọ tiyín? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Lẹ́yìn wọn, edé mìíràn tún rọra léfòó. Ará, Ọlọ́run ò kọ àdúrà yẹn. Ẹsẹ̀ la ò fọ̀.